Ìyàwó Tí Kì Í Gbójú Sókè

Òórùn ọ̀dà ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí nípa ilé tí ìjọba fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Festac nígbà náà. Ilé tuntun, ìyàwó tuntun; èmi àti ìyá wa ń bá wọn gbé. Èmi ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, mo sì máa ń ti ibùdókọ̀ Mazamaza fẹsẹ̀ rìn wálé pẹ̀lú fìlà funfun mi lórí, kí gbogbo àdúgbò lè mọ̀ pé ẹni tó mọ ara ènìyàn látòkè délẹ̀ ló ń kọjá.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kì í wojú ẹnikẹ́ni. Bí ó bá kúnlẹ̀ kí ìyá wa, ilẹ̀ ló ń wò; bí ó bá dìde, ilẹ̀ náà ni. Inú ìyá wa dùn débi pé wọ́n ń pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá wo ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo tilẹ̀ gbìyànjú láti fara wé e, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọrùn fi ń dùn mí.

Dókítà kan tó ń ṣiṣẹ́ abẹ eegun ń gbé ní iwájú ilé wa. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, ó yà wá kí ìyá wa. Ìyàwó kúnlẹ̀, ó gbé omi fún un. Dókítà kò tíì mu ún tó fi ní kí ó jọ̀wọ́ wo fáànù òkè àjà. Ọrùn ìyàwó kò mira. Ìbàdí ló fi tẹ̀ sẹ́yìn títí ó fi fẹ́ ṣubú. Ìyàwó wá sọ jẹ́jẹ́ pé òun ti ru igi ìdáná ṣubú lọ́mọdé, pé ọrùn òun ń tẹ̀ síwájú sí i, ìka ọwọ́ òun sì ti ń kú tipiri. Ó ní bí gbogbo ènìyàn ṣe ń yin òun, ojú ń ti òun láti sọ pé àìsàn ni.

Nígbà tí fọ́tò eegun ọrùn rẹ̀ jáde, dókítà jókòó tì wá, ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ abẹ títọ́ ọrùn sí ìpele. Ó ní ohun tí wọ́n bá tú tàbí tí wọ́n bá gé ni wọ́n fi ń mọ ìpele. Wọ́n á kọ́kọ́ so ohun tó wúwo mọ́ orí láti fa ọrùn. Bó bá nà, wọ́n á kàn fi wáyà de eegun pọ̀ kó má baà tẹ̀ mọ́. Bí kò bá nà, wọ́n lè gé lára àwọn oríkèé kéékèèké tó wà lẹ́yìn ọrùn. Èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á gba iwájú ọ̀fun wọlé, wọ́n á yọ ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun, wọ́n á sì fi eegun tí wọ́n bù ní ìbàdí dí àyè rẹ̀. Ìpele tó kẹ́yìn ni kí wọ́n gé eegun ọrùn fúnra rẹ̀. Níbẹ̀, ènìyàn lè jí kó má lè gbápá gbẹ́sẹ̀ mọ́.

“Mi ò ní kọjá ibi tí àìsàn náà bá gbé mi dé,” ni dókítà wí.

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ìyanu rẹ̀ ju ẹ̀rù lọ. Pé ọmọ ènìyàn lè to ohun tó burú tó bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kó sì mọ ibi tí òun yóò dúró, n kò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Fìlà mi wà lórí itan mi, n kò rántí dé e.

Ọrùn náà nà díẹ̀, kò nà tán. Ọ̀fun ni wọ́n gbà wọlé, wọn kò dé ìpele ìkẹyìn. Ìyá wa kò fẹnu kan oúnjẹ títí a fi gbọ́ pé ìyàwó jí, ó sì mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ tó padà wálé, ó kúnlẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lókè. Ó yára di ojú náà.

“Màmá, ẹ má bínú. Mi ò lè wolẹ̀ mọ́.”

Ìyá wa fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú. “Lajú ẹ, ọmọ mi. Wò mí.”

Ó wò wọ́n. Omi bọ́ lójú ìyá wa, èmi náà sì sunkún.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, Festac náà ni mo ṣì ń gbé. Bí ìyàwó tuntun bá kúnlẹ̀ kí mi, mo máa ń ní kó kọ́kọ́ bá mi wo fáànù òkè. Wọ́n rò pé ọjọ́ ogbó ló dé. Wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, ìgbà yẹn ni mo tó ń dáhùn ìkíni wọn.