Ọwọ́ Tí Kò Kan Fóònù

Nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ tí ọ̀dọ́ kan ń ráhùn pé íńtánẹ́ẹ̀tì ń fà, ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Ìgbà tí mo ṣí ìsọ̀ ìtẹ̀wé mi sí yàrá iwájú ilé wa ní Ìlá, kọ̀ǹpútà àlòkù tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin rà fún mi ni gbogbo ohun tí mo ní, pẹ̀lú ìlà tẹlifóònù oníwáyà kan tí bàbá wa fi sílẹ̀. Ìbàdàn ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, òun náà sì ní kọ̀ǹpútà tí kò sàn ju tèmi lọ. Ó fi módẹ̀mù sí méjèèjì. Módẹ̀mù yìí ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gba inú wáyà tẹlifóònù bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tí tèmi bá dá iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi lè pè é láti Ìbàdàn, kó wọ inú rẹ̀, kó sì máa tún un ṣe bí ẹni pé orí àga mi ló jókòó sí. Lẹ́nu, ó rọrùn.

Ọ̀sán Sátidé kan, iná lọ bí mo ṣe ń tẹ ojú ìwé tó kẹ́yìn nínú iṣẹ́ àṣejáde tíṣà kan láti Òkè-Ìlá. Nígbà tí iná dé, fáìlì náà kọ̀, kò ṣí. Tíṣà yìí ti fi ọ̀pọ̀ ìsinmi ilé-ìwé wá kẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní ìlú wa kó lè gba ìwé ẹ̀rí. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni wọ́n máa gba iṣẹ́ náà kẹ́yìn. Bí kò bá fi sílẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Èyí tó fi ọwọ́ kọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ta ni yóò tún odindi rẹ̀ tẹ̀ kí ilẹ̀ Mọ́ńdè tó mọ́? Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó tú gèlè rẹ̀, ó ká a sórí itan. Ká ní ó bú mi ni, ara ì bá tù mí.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kí n gbé fóònù sílẹ̀, òun ń wọlé bọ̀. Fóònù dún, ó dákẹ́, módẹ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í han goorogo, lẹ́yìn náà ó kú. Fóònù tún dún, mo já a gbà.

“Ó já,” ni mo wí.

“Mo mọ̀ pé ó já! Wo ẹnu wáyà yẹn.”

Mo wo ẹnu wáyà. A tún gbìyànjú, ó tún já. Ó ní kí a dín eré módẹ̀mù kù. Ó já. Ó ní kí n pa fáànù, kí n pa rédíò. Mo pa gbogbo rẹ̀, ooru mú wa, ó ṣì já. Ẹ̀gbọ́n mi ń jágbe mọ́ mi. Níwọ̀n ìgbà tí n kò lè jágbe mọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo ń jágbe mọ́ kọ̀ǹpútà.

Níkẹyìn, tíṣà la ẹnu. “Àǹtí, ẹ má bínú o. Tí fóònù bá ti dún, mo máa ń gbọ́ ohùn èèyàn ní yàrá ẹ̀yìn.”

Mo sáré wọlé. Ìyá mi ló jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, tí fóònù kejì, tó jẹ́ pé wáyà kan náà ló gbé òun àti ti ìsọ̀, wà létí wọn. Wọ́n di ojú, wọ́n ń ṣàdúrà. “Ọlọ́hun á ṣọ́ ẹ. Wàá pẹ́ láyé fún mi.”

“Màmá, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?”

“Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Ó kàn ń hó sí mi létí. Àbí ọ̀fìnkìn ló mú un?”

“Kì í ṣe ohùn ẹ̀gbọ́n mi. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ń ké; tí ẹ bá ti gbé fóònù, ó máa ń já.”

“Kọ̀ǹpútà rẹ̀ á pe ilé mi, kò ní kí mi? Látọ̀sán lẹ ti ń pe ara yín, ‘ó já, ó já’, kò sẹ́ni tó rántí pé ìyá wà nílé. Ni mo bá ní kí n máa yára gbé e.”

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Gbé fóònù fún wọn.” Ìyá mi béèrè ìyàwó, wọ́n béèrè àwọn ọmọ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n béèrè bóyá gàrí tí wọ́n fi rán awakọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n wá ṣàdúrà. Tíṣà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ń bá wa ṣe àmín. Nígbà tí inú wọn dùn tán, wọ́n ní, “Ó yá, sọ fún kọ̀ǹpútà rẹ kó máa pè.”

Mo dúró síbi tí mo ti lè rí ìsọ̀ àti yàrá wọn. Fóònù dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n wò ó. Wọ́n kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, wọ́n jókòó lé e, ètè wọn ń mì. Ó tún dún. Módẹ̀mù gbé e, ó han, ó sì dúró. Kò já.

Lójú kọ̀ǹpútà, ọfà mọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Tíṣà pariwo, “Lá ìláhà ìlà Lọ́ọ̀hu!” Ẹ̀gbọ́n mi ṣí ibí, ó ti ọ̀hún, títí ó fi rí ẹ̀dà kan tí kọ̀ǹpútà ti fi pamọ́ fúnra rẹ̀. Ojú ìwé tó kẹ́yìn nìkan ló sọnù. Tíṣà dì mọ́ mi, ó sunkún. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó jáde, ó tẹ ọ̀rọ̀ sójú kọ̀ǹpútà: Ẹ kú sùúrù o, Màmá. Mo pè wọ́n wá, mo kà á fún wọn. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kan gíláàsì ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní a dúpẹ́.

Nígbà tí tíṣà yege, ó fi ọ̀kadà gbé iṣu wá láti Òkè-Ìlá. Ẹsẹ̀ ìyá mi ló kó o sí, kì í ṣe tèmi.

“Kí ni mo ṣe?” ni ìyá mi wí.

“Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Ìyá. Ohun tí mo wá dúpẹ́ fún gan-an nìyẹn.”

A rẹ́rìn-ín títí. Ìyá mi ti lọ báyìí, ọmọ tèmi náà sì wà lókè òkun. Nígbà mìíràn tí mo bá ń kírun lọ́wọ́, fóònù á dún, mo sì mọ̀ pé òun ni. Ọwọ́ mi kì í kúrò láyà, àmọ́ gbogbo ara mi ti dé ìdí fóònù. Ìgbà náà ni mo máa ń rí ìyá mi lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, tí wọ́n jókòó lé ọwọ́ ara wọn nítorí ọmọ ọlọ́mọ, tí fóònù ọmọ tiwọn sì ń dún.