Omi Ti Gbóná, Ẹ̀gbọ́n

Mo rántí bí Ẹ̀gbọ́n ṣe máa ń lóṣòó sí etí omi Sharjah, nílẹ̀ Lárúbáwá, ní àsìkò òtútù. Ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi mi, á ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, á ki ọwọ́ bọ omi títí dé ìgúnpá, á wá mi orí. "Kò tíì yá," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, bí obìnrin tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Èmi á dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú jákẹ́ẹ̀tì, ojú á máa tì mí nítorí àwọn tó ń kọjá. A ò bá ara wa tan o. Yàrá bedspace kan náà, tí à ń háyà bẹ́ẹ̀dì lọ́kọ̀ọ̀kan, la jọ ń sùn, òun lórí bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀, èmi lórí tòkè, ó sì dàgbà jù mí lọ dáadáa. Apẹja ni, ọmọ Ẹ̀pẹ́, inú ọkọ̀ ojú omi ló gbé dàgbà. Físà àbẹ̀wò ló gbé e wọ̀lú, físà náà sì ń tán lọ, iṣẹ́ kò bọ́ sí i.

Ní Ẹ̀pẹ́, òjò ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tí ẹja ń yé. Bí omi tuntun bá ti ya wọ ọ̀sà, ẹja á wá sétí, àwọn apẹja á sì jí. Ẹ̀gbọ́n wá ń retí òjò ní Sharjah! Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, níbo ni òjò ti fẹ́ wá?" Ọ̀gá ọkọ̀ apẹja kan, ará Íńdíà, ló là wá lóye, òun ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, èmi ń túmọ̀, nítorí Ẹ̀gbọ́n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní níbí, ìgbóná omi ló ń pe ẹja. Nígbà òtútù, inú ibú ni wọ́n ń sá sí. Tí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, omi etíkun ló kọ́kọ́ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá yé ẹyin. Tí ooru bá wá pọ̀ jù, wọ́n á tún padà sí ibú. Ìjọba fòfin de mímú àwọn irú kan nígbà tí wọ́n bá ń yé, nítorí náà, àwọn ẹja ńlá tó ń tẹ̀lé wọn wá ni ọkọ̀ tirẹ̀ ń lé.

Ọkùnrin yìí ti rí bí Ẹ̀gbọ́n ṣe tún ìgèrè onírin kan ṣe ní èbúté láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọmọọṣẹ́ òun kan ń lọ sílé, àyè rẹ̀ ṣófo, ẹni tó ni ọkọ̀ á sì ṣe físà fún un. Ó ní tí omi bá ti gbóná, òun á pè. Háà, ẹ ò rí ayọ̀ lójú Ẹ̀gbọ́n! Láti ọjọ́ náà ló ti ń ki ọwọ́ bọ omi.

Ọjà Al Ras ni mo wà, tí mò ń bá àwọn oníṣòwò wa di ẹrù tó ń lọ Èkó, nígbà tí ìpè náà wọlé. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló gbé fóònù. Nígbà tí mo délé, mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ó káwọ́ lérí.

"Àbúrò, mi ò lọ mọ́."

"Kí ló dé? Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe báyìí o!"

"Ọkùnrin yẹn pè. Ó ní, 'Pa ni! Pa ni gàràmù!' Ó tún un wí. Ó wá ní 'yalla', pé ó yá nìyẹn."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ará Íńdíà wo ló gbọ́ Yorùbá?

Ó ní, "Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ta ló fi í sí i lẹ́nu?"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Mo mọ̀ pé ọ̀sà ló gbé bàbá rẹ̀ lọ, wọn ò sì rí òkú. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Òun náà pòwe tirẹ̀: "Àgbà tó rí ejò tí kò sá, ara ikú ló ń yá a." Èmi tí mò ń fọ́nnu nínú yàrá pé mo gbọ́ Híńdì, "kitna" tí a fi ń béèrè iye ọjà nìkan ni mo mọ̀. Orí mi wú. A jọ kúnlẹ̀, a gbàdúrà. Fóònù náà tún dún, dún, a ń wò ó. Nígbà tó yá, kò dún mọ́. Ẹlòmíì ló bọ́ sí àyè yẹn, físà tán, Ẹ̀gbọ́n sì padà sílé.

Kò pẹ́ sígbà náà, mò ń wúkọ́ ní ṣọ́ọ̀bù onítíì kan ní Al Ras. Onítíì na ike omi sí mi, ó ní, "Pani, bhai? Pani?" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sá. Ó ń wò mí bíi wèrè. Omi ni, omi lásán. Mo ní, "Garam ńkọ́?" Ó fọwọ́ kan kẹ́tùlù, ó sáré fa ọwọ́ padà, ó ń rẹ́rìn-ín. Omi ti gbóná. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n fi gbogbo ọyẹ́ dúró dè gan-an ni wọ́n pè é fi Híńdì sọ fún. Mi ò lè mu tíì yẹn. Ó dùn mí wọ egungun.

Ẹ̀gbọ́n ń ṣọ́ géètì ní Lẹ́kí báyìí. Kò wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́. Ọdọọdún ló ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Ọlọ́run fi ẹnu àjèjì kìlọ̀ fún òun ní Sharjah, ìjọ á sì pàtẹ́wọ́. Mo ṣì máa ń rí ọkọ̀ náà ní èbúté, bó bá ń já ẹja, ọ̀gá ọkọ̀ ti hewú. Ní ọdún yìí, Ẹ̀gbọ́n fi fídíò ẹ̀rí náà ránṣẹ́ sí mi, ó wá pè mí.

"Àbúrò, ká ní mo gun ọkọ̀ yẹn ni, ṣé mo ṣì máa wà láyé?"

Mo la ẹnu láti sọ ìtumọ̀ "pani" fún un. Mo gbọ́ bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn.

Mo ní, "Ọlọ́run ṣeun, sà."