Ṣòkòtò Tí Jael Kọ̀ Láti Kùn

Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni Jael fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àwòrán yíyà ní Súrùlérè, kò sì sẹ́ni tó gbé ọ̀kan nínú tirẹ̀ kọ́ sára ògiri rí. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì ló tó ráyè ya èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀: etí omi Ìpọ̀nrí nígbà tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lọ́mọdé, kí ìjọba tó fi iyanrìn dí i. Omi ti fà, ẹrẹ̀ ń dán bí epo, akàn ń sá, àwọn ọmọ ń ṣeré níhòòhò. Kò ya ojú, kò ya imú. Ẹ̀kán ọ̀dà kan, ọmọ kan. Oòrùn ló bo gbogbo wọn. Odidi ike ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè ló bá oòrùn yẹn lọ, ọ̀dà kì í sì í ṣe ohun owó pọ́ọ́kú.

Lọ́jọ́ Sátidé ni wọn yóò gbé àwòrán náà kọ́ níbi ìpàtẹ àwòrán kan ní Yaba. Lọ́jọ́rú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Theophilus, bàbá ìjọ, wọlé wá pẹ̀lú ìwé ìkéde ìjọ tí wọ́n fi pe gbogbo ìjọ síbi ìpàtẹ náà, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí àwòrán.

"Jael, kun ṣòkòtò fún mi kó tó di Sátidé. Ṣé ìdí bàbá ìjọ ni gbogbo ìjọ fẹ́ wá wò?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló máa mọ̀ pé ẹ̀yin ni? Kò lójú, kò nímú."

"Èmi mọ̀. Tí o ò bá kùn ún, gbé e lọ bá àwọn yòókù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Láti kékeré ló ti ń gbọ́ràn sí Theophilus lẹ́nu. Òun ló ní àwòrán kò lè bọ́ èèyàn, kó lọ ṣe tíṣà, ó lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, kò mira.

"Mi ò ní kùn ún."

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ jọ̀ọ́, èwo gan-an ni yín níbẹ̀?"

Theophilus fọwọ́ kan èyí tó dà bí ẹni tó na apá méjèèjì, tó ń fò sínú omi. Jael bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi nìyẹn! Ẹ wo ìdí igi lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin lẹ jókòó ti aṣọ wa, tẹ́ ẹ ń ké torí ẹ̀rù akàn. Ṣòkòtò yín wà nídìí yín dáadáa, ẹ ò bọ́ ọ."

Bàbá ìjọ sún mọ́ àwòrán.

"Ẹ̀kán kékeré yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó wúkọ́. "Ó dáa. Àbúrò mi, gbé mi sínú omi díẹ̀. Kò burú bí kò bá sí ṣòkòtò."

Jael ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà dúdú. Theophilus ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ àwòrán pátápátá ni búrọ́ọ̀ṣì lọ, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀ gàdàgbà.

"Omi yẹn wà níbẹ̀ nígbà náà, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò wọ̀ ọ́."

Ó mú ìwé ìkéde ìjọ tí Theophilus mú wá, ó fi ń fẹ́ orúkọ náà kó lè tètè gbẹ.