Awọ Tí Mo Rán Mọ́ Ìdérí Táńkì Dísẹ́ẹ̀lì

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí gbogbo rẹ̀, láti Ọjà'ba títí dé Ògùnpa. Ẹni tó bá ní wọ́n ròyìn rẹ̀ fún mi ni, kó wá sí Bẹyẹrúnká kó wá bi mí. Ìwé kò pọ̀ lórí mi, n kò kà kọjá ABD, ṣùgbọ́n nígbà náà, kò sí oníṣẹ́ awọ tó lè fọwọ́ sọ̀yà níwájú mi ní gbogbo Ìbàdàn.

Lọ́rì tí mo ń wí yìí, dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu, kì í ṣe pẹtiróò. Irú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni. Wọ́n ti kìlọ̀ fún olówó ọkọ̀ pé omi kò gbọdọ̀ kan epo yẹn, bẹ́ẹ̀ ìdérí táńkì rẹ̀ sì ti ń mì. Ó gbé e wá bá mi kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Mo rẹ awọ ewúrẹ́, mo rán an mọ́ ìdérí náà, mo fi ìda pa ojú rírán rẹ̀. Tí ẹ bá jù ú sódò, omi ò ní wọ̀ ọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, mo bá wọn lọ, kí n lè wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ìyá àgbà kan tó ń ta adìẹ ló gba ọkọ̀ náà ní Ọjà'ba. Adìẹ àti pẹ́pẹ́yẹ kún inú àgò rẹ̀, rélùwéè ọ̀sán ló fẹ́ fi kó wọn lọ sí Èkó. Dírẹ́bà wà níbẹ̀, àti fítà kan tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, tó kọ́ṣẹ́ l'Ékòó.

A kò tíì gun òkè Màpó tán tí ẹ́ńjìnnì fi wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Dírẹ́bà yí i títí, kò dáhùn. Fítà ṣí táńkì, ó ki igi bọ̀ ọ́, epo kún dé ọrùn. Ó tú bóòtù kan lára páìpù, epo ń hó jáde bí omi ọṣẹ. Ó ní afẹ́fẹ́ ló wọ̀ ọ́. Ó fọwọ́ fa epo gba inú rẹ̀ títí ìfófòó fi tán, ó dì í, ó dé táńkì, ẹ́ńjìnnì sì jí. A kọjá Bẹẹrẹ díẹ̀, ó tún kú.

"Ìwọ dírẹ́bà yìí," ni ìyá wí, "o ò sọ fún mi pé ọkọ̀ rẹ máa ń sùn lọ́sàn-án."

"Ẹ má bínú, màmá. Á jí."

"Kó jí kí adìẹ mi tó sùn."

Wọ́n tún ṣí táńkì. Lọ́tẹ̀ yìí mo tẹ́tí. Bí ìdérí ṣe ń kúrò, táńkì fa èémí sínú, fíìn, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́wọ́ kúrò ní imú rẹ̀. Mo gba ìdérí, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo wá rántí pé ihò kan wà lórí rẹ̀ tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Mo rò pé ó ti bàjẹ́ ni, mo sì fi ìda dí i kí n tó rán awọ lé e.

Mo ní, "Ohun tó ń pa á rèé. Epo ò lè jáde nínú táńkì tí afẹ́fẹ́ ò ráyè wọ̀, páìpù á wá máa fa afẹ́fẹ́ láti ibòmíràn. Ẹ ò mọ bí kèǹgbè ẹmu ṣe ń ṣe ni?"

Fítà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rán bàtà yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Fítà ti tún lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù, ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́. À bá fi táńkì sílẹ̀ ní ṣíṣí ká máa lọ. Èmi ni mo ní rárá, ká dé e padà, kí fítà fojú ara rẹ̀ rí i. Èmi náà sì fẹ́ mọ bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó kú.

"Aláwọ, ọmọ mi," ìyá bẹ̀ mí, "o ti borí rẹ̀. Nítorí Ọlọ́run, jẹ́ ká máa lọ."

Mo dé e. Ó pẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí ọkọ̀ tó dúró kì í mu epo bí èyí tó ń gun òkè. Oòrùn dé àtàrí. Adìẹ ń la ẹnu. Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó kú. Fítà ṣí ìdérí, ó nà án sí mi. Mo fi ọ̀bẹ la awọ, mo fi abẹ́rẹ́ yọ ìda. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ti tún wọ páìpù, ó di kí fítà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Láti ibẹ̀, ọkọ̀ kò dúró mọ́. Ògùnpa la wà tí a fi gbọ́ fèrè rélùwéè tó ń lọ. Ìyá sọ̀kalẹ̀, ó ṣí àgò, ó ń to wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Adìẹ mẹ́rìndínlógún ló kú. Pẹ́pẹ́yẹ méjì. Awọ ewúrẹ́ kan.