Abẹ Tó Ti Póláǹdì Wá

Tíín! Bàbá-bàbá mi fi èékánná ta ojú abẹ, wọ́n sì gbé e sún mọ́ etí. Òórùn òróró àti awọ gba gbogbo bákónì ilé wa ní Festac.

"Gbọ́ bó ṣe ń kọrin," ni wọ́n wí fún mi.

Póláǹdì ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi nígbà èwe wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó abẹ ìfárùngbọ̀n àtijọ́ jọ, irú èyí tó máa ń ká sínú èèkù ara rẹ̀. Nígbà tí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, ọwọ́ àti etí ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Èyí tí èèkù rẹ̀ jẹ́ ìwo, tó ń dún tíín, ó ti pẹ́ láyé. Èyí tó ní èèkù ike, tó nípọn, tó dún kọ́, àìpẹ́ yìí ni wọ́n rọ ọ́. Èmi ni mo máa ń ka ohun tí wọ́n kọ sí ọrùn abẹ fún wọn.

Ní Sátidé kan, ọkùnrin kan láti Alákijà gbé páálí bàtà wá. Abẹ mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀, gbogbo wọn ló ti dípẹtà.

"Ẹ gbà mí, sà," ó ní. "Dádì mi tó kú ló ni wọ́n. Wọ́n máa ń sọ pé èmi ni màá jogún èyí tí àwọn rà ní Póláǹdì, mi ò sì mọ èwo ni. Mo ṣáà rántí pé ìwo ni èèkù ẹ̀."

Bàbá fọwọ́ tọ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ike ni mẹ́rin, wọ́n tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìwo ni méjì tó kù, wọ́n sì ń dún tíín bákan náà.

"Ọmọ mi, wá kà á."

Mo fi òróró nu ìpẹtà kúrò. Lẹ́tà lásán ló wà lára àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ti ìkejì, mo figbe ta: "Bàbá, wọ́n ti ba L yìí jẹ́! Wọ́n fa ìlà kọjá lára ẹ̀!"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Wọn ò bà á jẹ́ o! Ṣé àwa náà kì í fi àmì sábẹ́ ẹ àti ọ ni? Báwọn náà ṣe ń kọ tiwọn nìyẹn. Póláǹdì rèé!"

Ọkùnrin náà gba abẹ náà. Ó ní òun fẹ́ fi fá irùngbọ̀n òun níbẹ̀. Bàbá pọ́n ọn lára awọ, mo di dígí mú fún un.

"Rọra, má tẹ̀ ẹ́," ni Bàbá ń wí.

Kò pẹ́ tẹ́jẹ̀ fi yọ díẹ̀ ní àgbọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi lé ròrò lójú ẹ̀. "Dádì mi náà kì í fá a kí wọ́n má ṣẹ̀jẹ̀!"

Bàbá ti lọ báyìí. Olùkọ́ ni mí ní Amuwo. Bí ọmọ kan bá kọ ohun tí kò yé mi sínú ìwé, n kì í tètè fi bírò pupa fà á. Mo máa ń pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, màá ní kó ṣàlàyé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ náà ló máa ń tọ̀nà.