Ilé Tí Wọ́n Ti Pè Mí Ní Àbẹ̀kẹ́

Títí ayé, n kò ní gbàgbé ọjọ́ Sátidé tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì lọ wo Kútọnu. Ayé owó epo ni nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n Bísí ọ̀rẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò, òun ló gbé wa láti Mafolúkù. Mo fẹ́ fojú ara mi rí bí ilẹ̀ òkèèrè ṣe ń rí.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, mọ́tò bàjẹ́ ní Àjàṣẹ́, a kò sì tíì kọjá ibodè. Mẹkáníìkì ní ó di àárọ̀. Àyà mi já, nítorí n kò sọ fún màmá mi pé mò ń lọ.

Ìyá àgbà kan gbà wá sílé. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ kí wọn, Yorùbá ni wọ́n fi dá mi lóhùn! Wọ́n bi mí pé, "Kí loríkì ẹ?"

"Bọ́lá ni, mà."

"Orúkọ nìyẹn. Oríkì ńkọ́?"

Láti ìgbà tí ìyá màmá mi ti kú, kò sẹ́ni tó fi oríkì pè mí mọ́. Mo rọra ní, "Àbẹ̀kẹ́."

"Àbẹ̀kẹ́ mi!" Wọ́n gbá mi mọ́ra, omi sì bọ́ lójú mi.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ kejì, màmá mi ti gbé ọwọ́ sókè láti gbá mi létí. "Níbo lo sùn?"

"Ilé ìyá àgbà kan tó pè mí ní Àbẹ̀kẹ́."

Ọwọ́ wọn rọra sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, wá jẹun."