Èmi Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ Tí Mo Ń Ṣe Kíto

Ẹ fìdí lélẹ̀ o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n rọ́ ohun tí kíto fojú mi rí fún yín. Ẹ má sì tíì rẹ́rìn-ín o, ó dìgbà tí mo bá sọ ọ́ tán!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mí láti kékeré. Ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé níbí ní Àpòmù, wọ́n máa ń ní kí n rọra kọjá níwájú fáànù kó má baà gbé mi lọ. Kì í bí mi nínú. Ara tí Ọlọ́run fún mi nìyẹn, mo sì fẹ́ràn ẹ̀.

Kí wá ni tèmi ti kíto? Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni o! Bàbá Tómi sanra dáadáa, tíṣà ni, iyán sì ni ìyàwó tó kọ́kọ́ fẹ́ kó tó fẹ́ mi. Lọ́dún tó kọjá, dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, ó ní ṣúgà ti ń pọ̀ jù níbẹ̀, pé tí ò bá dín iyán, gàrí, ìrẹsì àti búrẹ́dì kù, oògùn ló kàn. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ìtọ̀ ṣúgà ló pa bàbá tiẹ̀.

Ló bá lọ rí kíto lórí fóònù, ìlànà ìjẹun kan tí wọ́n fi ń dín ṣúgà kù. Ẹyin, ẹran, ẹja, ẹ̀fọ́ àti epo rẹpẹtẹ, kò gbọdọ̀ sí òkèlè. Ó tún ní ká fi ààwẹ̀ díẹ̀ kún un, ká máa fo oúnjẹ àárọ̀.

Mo ní mo máa bá a ṣe é. Tómi ọmọ wa wà ní bọ́ọ̀dìn, àwa méjèèjì la wà nílé. Ṣé kí n wá máa gún iyán fún ara mi, kí òun máa gbọ́ òórùn ẹ̀ ni? Ó ti gbìyànjú irú ẹ̀ rí, kò pẹ́ tó fi padà sídìí gàrí. Mo mọ̀ pé tí mo bá fi òun nìkan sílẹ̀, yóò já a. Bí ààwẹ̀ tá a fẹ́ máa gbà dọ̀sán ṣe wá ń dé ìrọ̀lẹ́, èmi gan-an ò mọ̀. Mo kàn ń wojú ẹ̀ ni. Tí kò bá tíì ṣí ìkòkò, èmi náà ò ní ṣí i.

Ó ṣiṣẹ́ fún un o! Ikùn ẹ̀ ń wọlé, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń dáa sí i. Èmi ńkọ́? Yéè! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í joro. Pín-ìnì ni mo fi ń há síkẹ́ẹ̀tì mi kó má baà já bọ́ ní ọ́fíìsì. Ọ̀gá mi pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní ṣé kò sí nǹkan nílé. Àwọn aládùúgbò ní ara ọkọ ń dán, ìyàwó ń gbẹ, pé kí wọ́n máa ṣọ́ tíṣà yẹn!

Màmá mi wà ní Ìkirè, dòdò Ìkirè ni wọ́n ń dín tà lẹ́bàá títì. Dòdò yẹn ló rán mi níléèwé. Mo lọ kí wọn lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n gbé èyí tó gbóná síwájú mi. Mo ní ẹ má bínú Màmá, mò ń gbààwẹ̀. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún ìyá tó ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹun pé mi ò jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́? Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, omi lé ròrò sójú wọn, wọ́n ní Ọlọ́run á gbọ́. Mo ní àmín, mo wọkọ̀ padà.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí níbi tiwa. Tí obìnrin bá ń gbààwẹ̀, tó ń rù, tí ò sì sọ ìdí ẹ̀, wọ́n á ní ẹrù tó wúwo ló gbé tọ Ọlọ́run lọ. Wọn kì í yọ ọ́ lẹ́nu pé kí ni. Wọ́n á kàn bá a gbé e ni.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Bọ́sẹ̀, tí àwọn àti Màmá jọ ń tajà, pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ kíá, pé òòyì kọ́ Màmá nídìí agbada, àwọn ti gbé wọn síbòòji, ṣùgbọ́n wọn ò gbà kí omi kan ètè wọn, wọ́n ní àkókò tí àwọn máa ń ṣínu kò tíì tó. Ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀ mọ́! Bàbá Tómi gbé mi sẹ́yìn ọ̀kadà ẹ̀, ó di Ìkirè.

Mo bá Màmá lórí bẹ́ǹṣì, ètè wọn gbẹ, àwọn náà ti rù. Mo ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dúró ti iná látàárọ̀, ààwẹ̀ kí lẹ̀ ń gbà?

Wọ́n ní, "Tìẹ ni mò ń bá ẹ gbà, ọmọ mi. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe ẹ́, àmọ́ o ò ní dá nìkan gbé e."

Mo bú sẹ́kún. Mo ní, "Màmá, kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí! Ọkọ mi ni mò ń bá gbà á, kó má baà padà sídìí iyán!"

Bàbá Tómi bá figbe ta. "Èmi? Ìwọ ni mò ń wò! Ojoojúmọ́ ni mò ń retí kí o ṣí ìkòkò kí n lè jẹun! Mo ní tí ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yìí bá lè dúró, ojú wo ni èmi ọkùnrin máa fi kọ́kọ́ jẹun?"

Ìyá Bọ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Màmá gba omi mu, wọ́n nu ẹnu, wọ́n wo àwa méjèèjì. Wọ́n ní ẹ ò ṣeun o, látọjọ́ yìí ni àwọn ti ń da Ọlọ́run láàmú lórí ọ̀rọ̀ tí ò sí!

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì lọ. Wọ́n ní kí n gun ìwọ̀n, wọ́n mirí. Wọ́n ní tí ọkọ mi bá gbààwẹ̀, ọ̀rá ara ẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Èmi tí mi ò ní ọ̀rá, kí ló fẹ́ bọ́ mi? Wọ́n ní tí n bá fẹ́ máa bá a jẹ kíto, kí n yọwọ́ nínú ààwẹ̀, kí n jẹun lẹ́ẹ̀mẹta, kí n má ṣahun epo. Tí ara ò bá sì padà, kí n jẹ iṣu mi, pé èmi kọ́ ni ṣúgà ń bá jà.

Ní báyìí, ẹyin díndín àti píà ni mo fi ń ṣínu láàárọ̀. Ẹ̀pà kì í wọ́n nínú báàgì mi. Ọ̀sán, ẹ̀gúsí tó kún fún ẹja. Alẹ́, ẹ̀fọ́ àti ẹran tí epo ń ṣàn lára ẹ̀. Síkẹ́ẹ̀tì mi ti gbá mi mú, mo ti yọ pín-ìnì dànù! Bàbá Tómi ńkọ́? Kò já a o. Ó máa ń jókòó tì mí láàárọ̀ pẹ̀lú tíì tí ò ní ṣúgà, yóò máa sọ̀rọ̀, kó tó wá jẹ tiẹ̀ lọ́sàn-án. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti dáa.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo ń wo ọkọ mi, ọkọ mi ń wò mí, Màmá ń wò mí, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń febi pa ara wa nítorí ìfẹ́. Kò sẹ́ni tó bi ẹnìkejì pé, ṣé ebi ò pa ẹ́?

Ẹ̀yin ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ ń ṣe kíto, kí lẹ̀ ń jẹ tẹ́ ẹ ò fi rù? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, gbogbo wa la máa kà á. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, ẹ pe ìyá yín lórí fóònù, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun lónìí.